Páànù Mọ́kàndínlógún

Yàrá olùkọ́ kan náà ni èmi àti Adéwùnmí jọ ń jókòó sí ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkẹ́rẹ́, tábìlì rẹ̀ sì fara kan tèmi. Ẹgbẹ́ ni wá, ọdún mélòó kan péré ló kù kí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ ọnà náà ni ìjọba torí ẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n ibikíbi tí olùkọ́ bá ti dín ni wọ́n máa ń ní kó lọ dí. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn, ó tilẹ̀ kọ́ wọn ní ìṣirò fún odidi sáà kan. Kì í jà sí i. Á kàn mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lórí tábìlì, á dìde, á lọ.

Ìsẹ̀ ló ń gbé nígbà náà, nínú ilé bàbá rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀. Ọkọ Adéwùnmí ti kú tipẹ́, Peace tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Nígbà tí àrùn ìgbàgbé mú ìyá rẹ̀, ọmọ méjì péré ló kù fún ìyá náà láyé, Adéwùnmí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bámijókò, tó jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá. Ẹnikẹ́ni ò jókòó láti pinnu ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá. Adéwùnmí ló wà nítòsí. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ọdún mẹ́fà ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti wẹ ìyá rẹ̀, á ti fún un lóògùn, á ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, á ti fi í sílẹ̀ fún Deborah, obìnrin aládùúgbò wọn tó ń bá a jókòó tì í lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni á tó lọ wọ mọ́tò Ìkẹ́rẹ́. Tí a bá jáde níléèwé, á tún wọ mọ́tò padà. Inú mọ́tò yẹn ló ti ń rí oorun sùn jù. Àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà Ìsẹ̀ mọ̀ ọ́n débi pé wọn kì í bi í ní ibi tó ń lọ mọ́, wọ́n á kàn fọwọ́ kàn án léjìká tí wọ́n bá dé ibẹ̀.

Ìgbà òjò ló le jù. Ilé náà ti gbó, páànù orí rẹ̀ ti jẹ, ibi mẹ́tàlá ló sì ti ń jò. Adéwùnmí mọ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá bí ẹni mọ orúkọ ọmọ. Korobá ni ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkòkò àtijọ́ kan ni ti ẹnu ọ̀nà yàrá, abọ́ fífẹ̀ kan ni ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò ní lè sinmi mọ́. Á di etí ibùsùn mú, á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú òun lọ sílé.

"Ẹ mú mi lọ ulé, ìyáàfin. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ ulé."

"Ulé náà nìyí, Màámi."

"Kì í ṣe ulé mi nìyí. Òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀."

Ìyáàfin ló ń pè é láti ọdún kẹrin. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Adéwùnmí máa ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, ó ṣíwọ́. Ó ní bí òun bá ti sọ orúkọ náà, ẹ̀rù ló máa ń ba ìyá òun, torí ó ń wá ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì rí i.

Ìyá náà kú ní oṣù Ṣẹẹrẹ, lọ́sàn-án, nígbà tí Adéwùnmí wà ní kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ ọlọ́dún kejì. Wọ́n sin ín dáadáa. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, kí Bámijókò tó padà sí Àbújá, ó pe àbúrò rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Adé, mo fẹ́ ká pààrọ̀ òrùlé ilé yìí kí ìrántí ọdún kan tó pé. Ojú ń tì mí nígbà tí àwọn àlejò wà níbí."

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."

"Iṣẹ́ kan wà fún ìwọ náà. Ìwọ lo kọ́ṣẹ́ ọnà nínú wa. Bá wa mọ ère Màámi, ká gbé e síwájú ilé. Kó jọ ọ́ dáadáa o. Ọjọ́ ìrántí la máa ṣí aṣọ lójú ẹ̀."

Adéwùnmí sọ fún mi pé kò sí agbára tí òun lè fi sọ pé rárá lọ́jọ́ náà. Ó ní ó dáa.

Ìsinmi Àjíǹde ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ra sìmẹ́ǹtì, ó gba yanrìn, ó fi wáyà ṣe egungun inú rẹ̀, ó sì gbé fótò ìyá rẹ̀ tì í. Fótò tí gbogbo ẹbí fẹ́ràn ni, èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìkórè ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí ìyá náà we gèlè, tó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Orí àkọ́kọ́ tó mọ jọ àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó ti kú. Èkejì kò jọ ẹnì kankan. Ẹ̀kẹta jọ fótò náà dáadáa, ó jókòó síwájú rẹ̀ títí sìmẹ́ǹtì fi gbẹ, kò sì rí ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Inú fótò yẹn ni mo ti mọ ojú yìí," ó wí fún mi nígbà tí a wọlé padà. "Tí mo bá pa ojú mi dé, ojú mìíràn ni mò ń rí. Èyí tí mò ń rí yẹn, mi ò jẹ́ gbé e síta fún èèyàn wò."

Ó fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àfọ́kù wọn ló fi dí kòtò tí àgbàrá gbẹ́ sẹ́yìn ilé.

Inú oṣù Ògún ni àwọn káfíńtà dé láti Adó láti pààrọ̀ òrùlé. Adéwùnmí ra oúnjẹ fún wọn lọ́jọ́ kejì, ó ń gbé e bọ̀, ó sì bá àwọn ọkùnrin méjì tó ń ra irin àlòkù níwájú ilé. Wọ́n ti kó ìlàjì páànù náà lọ láàárọ̀. Wọ́n ń to ìyókù sórí ọmọlanke. Ọ̀kan já bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó dojú dé, inú rẹ̀ wá wà lókè.

Ó ní abẹ́ páànù yìí ni wọ́n bí òun sí, abẹ́ rẹ̀ lòun dàgbà sí, òun ò sì tíì rí inú rẹ̀ nínú oòrùn rí. Èéfín igi ìdáná ọ̀pọ̀ ọdún ti sọ ọ́ di dúdú, ó ń dán bí ìdí ìkòkò. Òde rẹ̀ ti dógùn-ún, ó pọ́n bí ilẹ̀ ojú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ ọ lójú ìlà rẹ̀, gegele àti kòtò, gegele àti kòtò. Ó kan ihò ìṣó. Ó mọ ihò náà, ọ̀kan lára ibi tó ń jò ni.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀," ló wí fún àwọn ọkùnrin náà.

"Màmá, a ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ tán."

"Mo mọ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀."

Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀. Mọ́kàndínlógún ló kù. Bámijókò gbọ́, ó tẹ̀ ẹ́ láago kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Kí lo fẹ́ fi páànù jíjẹ ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o ń sinmi ṣá?"

"Mò ń sinmi."

Kò sinmi. Ó kó àwọn páànù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́, wẹ́dà kan lójú ọ̀nà Ẹmùré tó máa ń bá ilé ẹ̀kọ́ wa tún àga ṣe. Jẹ́jẹ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ní sùúrù. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi iná so páànù méjì pọ̀ fún un. Bí iná ṣe kan páànù náà, ó jó lu, ihò tó lè gba àtàǹpàkò.

"Kò ní í gba iná, Àǹtí," ló wí. "Ó ti jẹ jù, bíi bébà ló ń jó. Ẹ jẹ́ ká lo tuntun, màá bá yín kùn ún kó pupa."

"Rárá. Èyí ni mo fẹ́."

"Báwo la ṣe fẹ́ so ó wá?"

Adéwùnmí jókòó sórí àga onígi tó wà níbẹ̀, ó wo páànù náà pẹ́. Ó wá ní kí wọ́n rán an. Ihò ìṣó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n lè ti wáyà bọ inú ihò wọ̀nyẹn, kí wọ́n fi ẹ̀mú lọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Láti inú oṣù Ògún di oṣù Bélú, ní àsìkò ìsinmi àti nígbà tí a bá ti jáde níléèwé, ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́ ló ń lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti ya àwòrán obìnrin kan sórí bébà, obìnrin tó nawọ́ síwájú. Ó ń fi òòlù lu páànù kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó lè gé apá rẹ̀ jáde. Páànù náà ń là lójú gegele. Ó lu mẹ́ta, mẹ́ta ló là. Ọjọ́ kan ló rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ju òòlù sílẹ̀, ó sì gbìyànjú láti ká ọ̀kan lásán, láìwo àwòrán kankan. Nígbà tó ká a tẹ̀lé ìlà rẹ̀, ó gbà fún un, ó rọra tẹ̀, ó dúró síbi tó tẹ̀ ẹ́ dé. Nígbà tó fẹ́ ká a lòdì sí ìlà, ó kọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti kó àwòrán náà tì. Ó ní òun ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi ipá gbé nǹkan tó wúwo. Òun kò tún ní ipá tí òun máa fi bá páànù jà.

Páànù náà gé e lọ́wọ́ nígbà kan. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ni, ó sì jìn. Wọ́n rán an ní ilé ìwòsàn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó sì wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú báńdéèjì. Èmi ni mo ń bá a kọ̀wé sí pátákó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í nígbà náà.

"Ìyá Peace, kí lò ń ṣe ná gan-an?"

"Mò ń wo bí ó ṣe fẹ́ dúró ni."

Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo sì pinnu láti tẹ̀lé e lọ wo nǹkan náà. Ní oṣù Bélú la jọ lọ. Mi ò mọ ohun tí mo ń retí. Ohun tí mo bá ga jù mí lọ díẹ̀. Kò ní orí, kò ní apá, kò jọ ẹranko. Páànù bíi mẹ́wàá ló ti òkè tẹ̀ wá sísàlẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n fi wáyà rán wọn létí. Ìyókù wà nílẹ̀, wọ́n ká mọ́ra wọn, inú wọn dúdú. Èyí tó wà lókè tẹ̀ bo èyí tó wà nísàlẹ̀, síbẹ̀ kò fara lé e. Ibì kan péré ni wọ́n ti kan ara wọn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba inú ihò ìṣó wọlé, ó ṣe tótòtó sára dúdú inú rẹ̀. Mo rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun èmi alára, mi ò sì mọ ìdí.

Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń nu ọwọ́.

"Àwọn èèyàn tó ń kọjá ń bi mí pé kí nìyí," ló wí. "Mo ń sọ fún wọn pé ó rẹ̀ ẹ́."

"Ó rẹ ta?" mo bi í.

"Ó rẹ nǹkan náà. Ẹ wo bó ṣe dúró."

Adéwùnmí rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò tíì rẹ́rìn-ín náà tán tó fi jókòó sórí àga onígi yẹn, kí n sì tó bá Jẹ́jẹ́ sọ gbólóhùn mẹ́ta, ó ti sùn lọ.

Bámijókò dé ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrántí. Jẹ́jẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ páànù náà wá síwájú ilé, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Òrùlé tuntun ń dán lókè. Adéwùnmí kò fẹ́ kó jẹ́ ojú àwọn àlejò ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti kọ́kọ́ rí i, ó sì ní kó wá wò ó kí wọ́n tó dé. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń bá wọn to àga. Adéwùnmí fa aṣọ náà kúrò.

Bámijókò wo òkè rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Ojú Màámi dà?"

"Kò ní ojú, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ní kó jọ Màámi."

"Mo mọ ojú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Adé, gbogbo ìjọ ló ń bọ̀ lọ́la. Páànù tí mo ní kí wọ́n kó lọ la máa wá ṣí aṣọ lójú ẹ̀?"

Adéwùnmí jókòó sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. Bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì ló ṣe sọ ọ́.

"Màámi kò mọ̀ mí fún ọdún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ìyáàfin ló ń pè mí. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ sílé, inú ilé yìí la sì wà. Ó máa ń bẹ̀rù mi nígbà mìíràn tí mo bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe ojú rẹ̀, ojú yẹn ni mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó wà nínú fótò, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

"O ò sọ fún mi."

"Bóyá ó jẹun lẹ máa ń béèrè. Ó ń jẹun."

Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀, mi ò sì rí ibi tí mo lè gbà. Bámijókò súnmọ́ páànù náà. Ó ń rìn yí i ká bí èmi náà ṣe rìn, ìgbà tó dé apá òsì, ó dúró. Ọ̀dà dúdú kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, èyí tí wọ́n fi dí ojú jíjò láyé àtijọ́. Ó fi ìka kàn án.

"Èmi ni mo fi ọ̀dà yìí sí i," ló wí. "Mi ò tíì pé ọdún méjìlá. Bàámi ní èmi ni mo fúyẹ́, ó ní kí n gun òkè. Màámi dúró nísàlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè títí mo fi sọ̀ kalẹ̀." Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi àpá kan hàn wá lórí orúnkún. "Ọ̀dà gbígbóná ló ta sí mi."

 Ìdógùn-ún ti kun apá aṣọ funfun rẹ̀, kò sì fiyè sí i. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mi ò lè gbé e síwájú ilé, Adé."

"Mo mọ̀."

"Má bínú sí mi."

"Inú ò bí mi, ẹ̀gbọ́n. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn ilé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kejì, fótò ọjọ́ ìkórè ni wọ́n gbé sórí tábìlì, wọ́n to òdòdó yí i ká, olùṣọ́ àgùntàn sì gbàdúrà lé e lórí. Àwọn tó ń gbọ́únjẹ lẹ́yìn kọ́ báàgì àti ìborùn sára páànù náà. Ìyá àgbà kan bi mí bóyá adìyẹ la fẹ́ máa sìn níbẹ̀. Deborah aládùúgbò nìkan ló yà síbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó gbé abọ́ ìrẹsì rẹ̀ dání, ó ń wo inú rẹ̀, ó sì tọ́ka sí ihò kan.

"Ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nìyí," ó wí fún Adéwùnmí.

"Òun ni."

Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan fi wá pe Adéwùnmí pé àwọn àlejò ń lọ.

Ní oṣù Èbìbí, Bámijókò fi ère sìmẹ́ǹtì kan ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ọnà kan ní Adó. Ó we gèlè, ó ní ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ orúkọ ìyá náà sí ìdí rẹ̀. Mo ti lọ wò ó níwájú ilé. Kò burú. Àwọn tó mọ ìyá náà máa ń dúró kí i bí wọ́n bá ń kọjá. Adéwùnmí ti kúrò ní Ìsẹ̀ nígbà náà, ó ti gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ibi tó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó ní àwọn máa ń pẹ́ lórí fóònù náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn kì í pọ̀.

Jẹ́jẹ́ ló bá wa gbé páànù náà wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀gá àgbà gbà kó wà lẹ́yìn kíláàsì àwọn ọlọ́dún kẹta, pẹ̀lú àdéhùn pé kí Adéwùnmí fi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá ha etí rẹ̀ kó má baà gé àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ha á. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ oríṣiríṣi. Àwọn kan ń pè é ní ìgbín, àwọn kan ń pè é ní ẹ̀yìn ìyá arúgbó. Kò bá wọn jiyàn. Bí wọ́n bá bi í pé èwo ló tọ̀nà, á ní èyí tí wọ́n bá rí.

Mo bi í láìpẹ́ yìí bóyá á tún ṣe òmíràn. Ó rò ó díẹ̀.

"Bóyá," ló wí. "Kí n sùn ná."

Ní Sátidé tó kọjá, mo bu iṣu díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n kó fún mi láti oko, mo gbé e lọ sílé rẹ̀. Ó wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, bírò pupa sì ti já bọ́ sílẹ̀. Orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Mo rọra gbé iṣu náà sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo mú bírò náà nílẹ̀, mo fi sórí ìwé, mo sì padà sílé láì jí i.